Ilẹ̀kùn gíláàsì ńlá, òfin Part L, àti yàrá ìdáná tí a fẹ́ fi kún ẹ̀yìn ilé wa ní London

Bàbá Ìbejì, Abbey Wood

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ ilé ni mo gbé wá, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ti rin ọ̀nà yìí rí bá mi dá sí i kí n tó kówó lé agbaṣẹ́ṣe lọ́wọ́.

Ilé tí à ń gbé jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ilé tó fara kọ́ra lọ́tùn-ún lósì, tí wọ́n kọ́ kí ogun àgbáyé kejì tó bẹ̀rẹ̀. Yàrá ìdáná rẹ̀ kéré débi pé, bí ìyàwó mi bá ń ro ọkà, ẹnu ọ̀nà ni èmi àti àwọn ọmọ máa ń dúró sí. A fẹ́ wó ògiri ẹ̀yìn, kí a fi yàrá kan kún un tí yóò gùn ní mítà 3 wọ inú ọgbà, tí yóò sì fẹ̀ ní mítà 5. Ilẹ̀kùn gíláàsì tó ń ká jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni ìyàwó mi fẹ́ níwájú rẹ̀, mítà 4.2 ní fífẹ̀ àti mítà 2.1 ní gíga, pẹ̀lú fèrèsé òrùlé kan tó jẹ́ mítà 2 sí mítà 1, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa bọ́ sórí tábìlì. Ohun tó wà lára ògiri tí a fẹ́ wó kò ju ilẹ̀kùn kan, mítà 0.9 sí mítà 2, àti fèrèsé kan, mítà 1.8 sí mítà 1.2.

Agbaṣẹ́ṣe tí mo bá sọ̀rọ̀ ní iṣẹ́ tí kò ju mítà 3 lọ kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni, pé kí n má fi owó àti àkókò ṣòfò lórí ìwé. Ó tún ní pátákó fóòmù 50 mílímítà ti tó fún ògiri àti ilẹ̀, nítorí pé bí òun ti ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Àmọ́ ọ̀dọ́kùnrin tó yàwòrán ilé náà fún wa ti fi àwòrán ránṣẹ́ sí building control ti káńsù, àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ ìkọ́lé wò, wọ́n sì fèsì pé gíláàsì wa pọ̀ ju èyí tí Part L, apá òfin ìkọ́lé tó kan ooru àti agbára, gbà láàyè lọ, pé kí a dín in kù tàbí kí a fi ìṣirò hàn wọ́n. Wọ́n tún béèrè ètò tí a ṣe fún atẹ́gùn inú ilé.

Ta ni kí n gbà gbọ́ nínú àwọn méjèèjì? Kí ló kan káńsù nínú bí gíláàsì mi ṣe tóbi tó? Ṣé wọn kò sì ní sọ lọ́la pé kí n tún gbogbo ara ilé àtijọ́ ṣe, kí ó lè bá òfin tuntun mu? Ní ilé bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, ihò búlọ́ọ̀kù tó wà lókè fèrèsé ni a fi ń gba atẹ́gùn, ẹnikẹ́ni kò béèrè ìṣirò lọ́wọ́ wa.

Ayàwòrán, Dartford

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ọ̀rọ̀ ilé. Iṣẹ́ àwòrán ilé ni mo ń ṣe jẹun, irú lẹ́tà tí ẹ gbà yìí sì máa ń kọjá lórí tábìlì mi déédéé.

Agbaṣẹ́ṣe yín kò parọ́ tán, kò sì sọ òótọ́ tán. Òfin méjì tó yàtọ̀ síra ni ó so pọ̀ mọ́ra wọn. Ọ̀kan ni ti planning, èyí tó ń wo bí ilé ṣe máa rí lójú àdúgbò àti bóyá yóò dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ aládùúgbò. Lábẹ́ ìyẹn, àfikún alájà kan lẹ́yìn ilé tó fara kọ́ra, tí kò gùn ju mítà 3 lọ, lè máà nílò ìwé àṣẹ bí ó bá pa àwọn ìlànà yòókù mọ́. Ìkejì ni Building Regulations, èyí tó ń wo bí ilé ṣe lágbára tó, bí iná kò ṣe ní jó o, bí omi ṣe ń ṣàn jáde, àti iye agbára tí yóò máa jẹ. Ìdáríjì tí planning ṣe fún yín kò kan ti Building Regulations rárá. Yàrá ìdáná tí ògiri kò pààlà láàárín rẹ̀ àti ilé kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé gíláàsì inú ọgbà tí kò tó mítà onígun-mẹ́rin 30, tó wà nílẹ̀, tí ògiri àti ilẹ̀kùn gidi sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ilé, ni Part L máa ń fojú fò dá. Tiyín kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Part L ni apá tó wà fún agbára àti ooru. Ẹ̀dà tó ń ṣiṣẹ́ ní England, tí wọ́n pè ní ti 2021, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 2022. Ẹ jẹ́ kí n wí báyìí kí ẹnikẹ́ni má baà gbé ìmọ̀ràn yìí lọ sí ibi tí kò tọ́: Wales ní tirẹ̀, Scotland náà ní tirẹ̀, iye tí wọ́n ń béèrè níbẹ̀ kò sì bá ti England dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa rí nínú gbogbo ìwé náà ni U-value. Ẹ fojú inú wo ògiri kan tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 1, tí gíga rẹ̀ náà jẹ́ mítà 1. Bí inú ilé bá fi ìwọ̀n Celsius kan péré móoru ju ìta lọ, iye wáàtì ooru tó ń gba ara ògiri yẹn sá jáde ni U-value rẹ̀. Bí ó bá ṣe kéré tó ni ó ṣe dára tó. Ògiri bíríkì àtijọ́ tí kò ní àlàfo láàárín máa ń wà ní nǹkan bíi 2. Ohun tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ àfikún ilé yín ni 0.18 fún ògiri, 0.18 fún ilẹ̀, 0.15 fún òrùlé, 1.4 fún fèrèsé àti ilẹ̀kùn, àti 2.2 fún fèrèsé òrùlé. Ẹ wò ó dáadáa: gíláàsì tó dára gan-an, tó ní ìpele méjì, ń jẹ́ kí ooru sá jáde ní ìlọ́po méje ju ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí gíláàsì yín fi kàn wọ́n.

Ìṣirò náà kò le. Òfin gbà kí gíláàsì àfikún ilé jẹ́ ìdá 25 nínú 100 ti ilẹ̀ àfikún náà, kí ẹ sì fi ìwọ̀n fèrèsé àti ilẹ̀kùn àtijọ́ tí àfikún náà bò tàbí tó mú kúrò kún un. Ilẹ̀ yín jẹ́ 15, ìdá 25 rẹ̀ sì jẹ́ 3.75. Ilẹ̀kùn àtijọ́ jẹ́ 1.8, fèrèsé àtijọ́ jẹ́ 2.16. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà onígun-mẹ́rin 7.71. Ilẹ̀kùn tí ìyá àwọn ìbejì fẹ́ jẹ́ 8.82, fèrèsé òrùlé jẹ́ 2, ìyẹn 10.82. Ẹ ti fi 3.11 kọjá ààlà.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Èyí tó rọrùn jù ni kí ẹ gé gíláàsì náà kù. Èkejì ni kí ayàwòrán yín fi hàn pé, bí a bá pín ooru tó ń sá jáde káàkiri gbogbo ara àfikún náà, kò ju ti àfikún tó jẹ́ ìwọ̀n kan náà, tó pa gbogbo òfin mọ́. Ẹ lè ra gíláàsì onípele mẹ́ta, kí ẹ sì mú kí òrùlé nípọn sí i, láti fi dí ohun tí ẹ jẹ kọjá ààyè. Ẹ̀kẹta ni ìṣirò SAP, ìyẹn ìṣirò iye agbára tí ilé ń jẹ, fún gbogbo ilé látòkè délẹ̀, níbi tí ẹni tó ní ìwé-ẹ̀rí láti ṣe é yóò ti fi ilé yín pẹ̀lú àfikún tí ẹ fẹ́ wé ilé kan náà pẹ̀lú àfikún tó bá òfin mu. Èyí ló máa ń gba àwọn tó fẹ́ràn gíláàsì sílẹ̀, nítorí pé bí ẹ bá tún òkè àjà àtijọ́ ṣe, tí ẹ tẹ́ òwú adènà-òtútù tó nípọn síbẹ̀, èrè rẹ̀ yóò wọ inú ìṣirò náà.

Ní ti pátákó fóòmù 50 mílímítà, ẹ sọ fún agbaṣẹ́ṣe yín pé ìgbà ti yí. Fóòmù tó dára jù tí wọ́n ń tà lọ́jà, pẹ̀lú bíríkì àti búlọ́ọ̀kù tó yí i ká, kò lè gbé ògiri yín dé 0.18 ní 50 mílímítà. Á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì iye yẹn. Ohun tí mo sábà ń yà sórí ìwé ni bíríkì, lẹ́yìn náà àlàfo 150 mílímítà tí òwú kún dẹ́múdẹ́mú, lẹ́yìn náà búlọ́ọ̀kù fúyẹ́fúyẹ́. Fún òrùlé pẹrẹsẹ, fóòmù bíi 150 mílímítà lórí pákó. Fún ilẹ̀, kò gbọdọ̀ dín ní 100 mílímítà, ó sì máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ògiri yín á wá nípọn tó 350 mílímítà kí ẹ tó rẹ́ ẹ, ìpìlẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó láti gbà á. Bí wọ́n bá ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ tán fún ògiri tẹ́ẹ́rẹ́, inú yàrá yín ni ẹ ó ti san gbèsè rẹ̀.

Ilé àtijọ́ ńkọ́? Ẹ fọkàn balẹ̀. Òfin tó ń ní kí onílé tún apá yòókù ṣe nítorí pé ó kọ́ àfikún wà fún àwọn ilé tí ilẹ̀ inú wọn ju mítà onígun-mẹ́rin 1,000 lọ. Ọ́fíìsì ńlá àti ilé ìtajà nìyẹn, kì í ṣe ilé ìdílé.

Ìmọ̀ràn mi kan péré ni pé kí ẹ tẹ̀lé ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní full plans, èyí tí ọ̀dọ́kùnrin yín ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọkọ́ kan ilẹ̀ títí wọn yóò fi fọwọ́ sí àwòrán náà. Ọ̀nà kejì wà tó jẹ́ kí a kàn fi tó káńsù létí kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó yá, kò sì ní wàhálà ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí òrùlé bá ti délé tán ni onílé ń gbọ́ pé gíláàsì òun ti pọ̀ jù.

Ìyá Tèmi, Peckham

Bàbá Ìbejì, ẹ gbọ́ ti ayàwòrán yìí. Èmi gbọ́ ti agbaṣẹ́ṣe.

Ní 2014 ni mo fi yàrá kún ẹ̀yìn ilé mi. Ẹni tó bá mi ṣe é ní kò sí ẹni tó máa wá wò ó, òótọ́ ló sì sọ, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò wá. Ní 2023 ni mo fẹ́ ta ilé náà. Lọ́yà ẹni tó fẹ́ rà á béèrè ìwé-ẹ̀rí ìparí iṣẹ́ lọ́wọ́ lọ́yà mi, lọ́yà mi béèrè lọ́wọ́ mi, èmi náà wo ojú ọkọ mi. Kò sí ìwé. Báǹkì tó fẹ́ yá olùrà lówó dá owó dúró.

Wọ́n ní a lè ra insurance láti fi bo ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ olùrà kò gbà. Ó ní òun fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ògiri. Ó di pé kí n kọ̀wé sí káńsù fún ohun tí wọ́n ń pè ní regularisation, èyí tó wà fún iṣẹ́ tí a ṣe láìgba àṣẹ láti oṣù Kọkànlá ọdún 1985. Òfin tó wà nígbà tí a ṣe iṣẹ́ náà ni wọ́n fi ń wò ó, kì í ṣe ti òní, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n rán wá kò lè fojú rí inú ògiri. Ó ní kí a dá ihò sí àjà ní ibi méjì, kí a ṣí ara ògiri, kí a sì gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ táìlì tí mo fi owó gidi tẹ́. Òtútù ni a bá nínú àjà. Kò sí òwú, kò sí fóòmù, àyàfi àpò símẹ́ǹtì kan tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀. Ìgbà yẹn ló wá yé mi ìdí tí yàrá yẹn kì í fi í móoru láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, tí mo sì ń bá àwọn ọmọ jà pé wọn kì í ti ilẹ̀kùn.

A tún àjà náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀, olùrà àkọ́kọ́ sì ti lọ kí a tó parí. Ohun tí mo san fún àtúnṣe náà pọ̀ ju ohun tí mo rò pé mo fi pamọ́ ní 2014 lọ. Ẹ sì mọ̀ pé òfin ti le sí i lẹ́yìn ìgbà yẹn: tẹ́lẹ̀, ọdún kan ni káńsù ní láti fi pàṣẹ kí ẹni tó rú òfin wó iṣẹ́ rẹ̀ tàbí kí ó tún un ṣe. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ó ti di ọdún 10.

Ohun kan tí mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ wọn ni pé kí ẹ máa ya fọ́tò. Fún ilé tuntun látìpìlẹ̀, òfin 2021 ti sọ fọ́tò di dandan. Fún àfikún bíi tiyín, kò di dandan, àmọ́ kí wọ́n tó da kọnkéré lé fóòmù ilẹ̀, kí wọ́n tó kan àjà pa, ẹ ya á pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí nọ́ńbà hàn. Owó tí ẹ máa san fún agbaṣẹ́ṣe, ẹ so apá ìkẹyìn rẹ̀ mọ́ ìwé-ẹ̀rí ìparí iṣẹ́, ẹ má ṣe so ó mọ́ ọjọ́ tí ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ jáde.

Àkànní, Salford

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ, àfi pé ayàwòrán wa kò dáhùn ìbéèrè kejì tó wà nínú lẹ́tà káńsù, èyí tó jẹ́ ti atẹ́gùn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ń ṣubú sí, nítorí bí a ṣe ń dáná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí mi. Ilé mi jẹ́ ilé bíríkì tí kò ní àlàfo, ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Mo pààrọ̀ gbogbo fèrèsé, mo dí gbogbo ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, inú mi sì dùn pé owó gáàsì máa wálẹ̀. Ẹni tó ta fèrèsé fún mi bi mí bóyá mo fẹ́ àwọn ihò tóóró tí wọ́n ń ṣí sórí férémù, mo ní rárá, kí ni mo fẹ́ fi ihò ṣe nínú fèrèsé tuntun? Kò pé oṣù mẹ́ta tí àbàwọ́n dúdú fi bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní kọ̀rọ̀ yàrá àwọn ọmọ, lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ rò ó wò: à ń se ẹ̀wà fún wákàtí méjì, à ń din ata, à ń sá aṣọ sórí rédíétọ̀ ní ìgbà òtútù, ènìyàn márùn-ún sì ń mí nínú ilé tí a ti dí pa. Gbogbo ooru omi yẹn gbọ́dọ̀ ríbì kan lọ. Bí kò bá rí ọ̀nà jáde, á lọ bá ibi tó tutù jù lára ògiri, á sì di ìrì níbẹ̀.

Part F ni òfin atẹ́gùn, ọjọ́ kan náà ni ẹ̀dà tuntun rẹ̀ àti ti Part L bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí pé wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni di ilé pa láìṣí ibi mímí. Bí a bá pààrọ̀ fèrèsé, atẹ́gùn ilé kò gbọdọ̀ burú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀nà tí ìwé ìlànà fi ṣe é ni ihò orí férémù, 8,000 mílímítà onígun-mẹ́rin fún yàrá tí ènìyàn ń gbé àti yàrá ìdáná, àti 4,000 fún balùwẹ̀. Fáànù yàrá ìdáná gbọ́dọ̀ lè fa lítà 30 atẹ́gùn jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan bí ó bá wà lókè sítóòfù, tàbí 60 bí ó bá wà níbòmíràn. Ìta ni ó gbọ́dọ̀ máa tú u sí. Àwọn fáànù kan wà tó ń fa èéfín wọlé, tó ń sẹ́ ẹ, tó sì ń dá a padà sínú yàrá. Òórùn ata lè dín kù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n omi inú afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀ digbí. Bàbá Ìbejì, tiyín ni kí ẹ rí i pé wọ́n yà á sínú àwòrán kí wọ́n tó mọ ògiri, nítorí páìpù rẹ̀ ní láti gba inú ògiri jáde.

Ohun kejì kan àwọn tí kò kọ́ àfikún, tí wọ́n kàn fẹ́ tún ilé àtijọ́ rẹ́. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé rírẹ́ ògiri lè pe Part L wá sílé. Bí ẹ bá fẹ́ tún ju ìdá 50 nínú 100 ti ògiri kan tó kọjú síta ṣe, òfin ní kí ẹ mú un sunwọ̀n sí i nígbà kan náà. Bí ó bá sì jẹ́ yàrá kan ni ẹ ń fọ́ rẹ́ rẹ̀ kúrò, ògiri yàrá yẹn nìkan ni wọ́n ń wọ̀n, wọn kì í wọn gbogbo ilé, nítorí náà ó rọrùn láti kọjá ìdá 50 yẹn. Bí U-value ògiri bá burú ju 0.70 lọ, tí inú tàbí ìta ni ẹ sì fẹ́ gba dì í, 0.30 ni wọ́n fẹ́ kí ó dé. Òfin náà ní àánú díẹ̀: bí iṣẹ́ náà kò bá lè dá owó rẹ̀ padà láàárín ọdún 15, tàbí bí fóòmù bá máa jẹ ju ìdá 5 nínú 100 lára ilẹ̀ yàrá náà, wọ́n lè gba èyí tó dín díẹ̀. Ṣùgbọ́n ògiri bíríkì àtijọ́ máa ń gba omi òjò, ó sì máa ń gbẹ. Bí ẹ bá lẹ fóòmù mọ́ ọn nínú láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, omi lè há sáàárín bíríkì àti fóòmù, kí orí igi àjà tó wọ inú ògiri sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Èyí ni mo rí ní ilé aládùúgbò mi, ojú mi ló ṣe.

Àbẹ̀kẹ́, Croydon

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan fún ìyá àwọn ìbejì, torí òtútù nìkan ni gbogbo yín ń wò.

Ìhà wo ni ilẹ̀kùn gíláàsì yẹn kọjú sí? Tèmi kọjú sí gúúsù, mo sì ní fèrèsé òrùlé ńlá lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2022, ọjọ́ tí wọ́n wọn ìwọ̀n Celsius 40.3 ní Coningsby ní Lincolnshire, a kó jáde kúrò nínú yàrá ìdáná wa láti aago mọ́kànlá òwúrọ̀. Wàrà tí mo gbé sórí tábìlì kò tó wákàtí kan tó fi bàjẹ́. Òfin kan wà fún ooru àjùlọ, Part O ni wọ́n ń pè é, àmọ́ ilé tuntun ló wà fún, kò kan àfikún ilé. Nítorí náà kò sí ẹni tó máa kìlọ̀ fún yín. Ẹ béèrè fún gíláàsì tó ń dá apá kan ooru oòrùn padà, tàbí kí ẹ jẹ́ kí òrùlé yọ síta díẹ̀ lórí ilẹ̀kùn, bí òbí wa ṣe ń ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀. Oòrùn ìgbà ooru máa ń ga lójú ọ̀run, òrùlé tó yọ síta á dí i. Ti ìgbà òtútù máa ń lọ sílẹ̀, á sì wọlé wá bá yín.

Lórí owó: títí di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2027, kò sí VAT lórí fífi ohun adènà-òtútù sínú ilé tí ènìyàn ń gbé. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé gbogbo àfikún náà ló wọ inú rẹ̀. Fóòmù tí wọ́n kọ́ mọ́ àfikún tuntun jẹ́ ara iṣẹ́ ìkọ́lé, VAT rẹ̀ jẹ́ ìdá 20. Fèrèsé kò sí nínú ètò náà rárá. Òwú òkè àjà ilé àtijọ́, bí ẹ bá gbé e fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́tọ̀, ni ẹ ti lè jèrè.

Ayàwòrán, Dartford

Àbẹ̀kẹ́ àti Àkànní, ẹ ṣeun, mo gbà pé mo fo ọ̀rọ̀ atẹ́gùn. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan péré kún un lórí bọ́ílà, nítorí pé àwọn oníbàárà mi máa ń pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ àfikún. Bí ẹ bá kàn fa páìpù lọ sí rédíétọ̀ tuntun méjì, kò sí ìṣòro ńlá, kí ẹ sáà rí i pé rédíétọ̀ náà ní ohun tí a fi ń ṣàkóso ooru rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pààrọ̀ gbogbo ètò náà, bọ́ílà, páìpù àti rédíétọ̀, Part L ti sọ pé kí wọ́n ṣètò rẹ̀ kí omi inú rẹ̀ má ju ìwọ̀n Celsius 55 lọ, níbi tí ó bá ṣeé ṣe. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ nílò rédíétọ̀ tó tóbi jù ti àtijọ́, ẹ ti wá àyè wọn sílẹ̀ lára ògiri kí àwọn oníkọ́bọ́ọ̀dù tó gba gbogbo rẹ̀.

Bàbá Ìbejì, Abbey Wood

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, mo tẹ ìdáhùn yín sórí ìwé, èmi àti ìyàwó mi sì jọ jókòó tì í.

Ìtàn Ìyá Tèmi ló yí i lọ́kàn padà, kì í ṣe ìṣirò mi. Ó gbà kí ilẹ̀kùn di mítà 3 sí 2.1, kí fèrèsé òrùlé sì di mítà 1 sí mítà 1. Ìyẹn jẹ́ 7.3, a sì ní 0.41 lọ́wọ́. Ìwọ̀ oòrùn ni ilẹ̀kùn náà kọjú sí, Àbẹ̀kẹ́, nítorí náà òrùlé tó yọ síta kò ní ràn wá lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń wọlé láti ìsàlẹ̀. Gíláàsì tó ń dá ooru padà ni a ó béèrè iye rẹ̀. Wọ́n ti ya fáànù sórí sítóòfù, páìpù rẹ̀ gba ara ògiri ẹ̀gbẹ́ jáde tààrà.

Agbaṣẹ́ṣe kọ́kọ́ bínú. Ó ní àwọn ayàwòrán ló ń fi ìwé pa ènìyàn. Nígbà tí mo wá fi àlàfo 150 mílímítà hàn án, ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì bi mí bóyá mo fẹ́ kí òun gbẹ́ ìpìlẹ̀ ní 600 mílímítà dípò 450. Mo ní ohun tó bá wà lórí àwòrán ni kí ó gbẹ́. Ó gbé iye tuntun wá, ó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ a ti kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ìdá 10 nínú 100 yóò wà lọ́wọ́ mi títí ìwé-ẹ̀rí káńsù yóò fi dé.

Ìbéèrè kan ló kù. Ògiri tó wà láàárín àwa àti aládùúgbò, níbi tí àfikún tiwọn ti dúró sí láti ìgbà pípẹ́: ṣé mo ní láti fi fóòmù sí i níbi tí ilé tiwọn bá ti bò ó, nígbà tó jẹ́ pé yàrá tó móoru ló wà lódì kejì?

Ayàwòrán, Dartford

Níbi tí yàrá wọn tó móoru bá ti fara kan tiyín gan-an, ooru kì í sá lọ síbì kankan, ẹ kò nílò 0.18 níbẹ̀. Àmọ́ ẹ wọn ibi tí àfikún tiwọn parí sí. Bí tiyín bá fi ìdajì mítà yọ kọjá tiwọn, ìdajì mítà yẹn jẹ́ ògiri ìta, kí wọ́n mọ ọ́n bí ògiri ìta. Bí àlàfo bá sì wà láàárín ògiri méjèèjì, kí wọ́n fi òwú dí i kí wọ́n sì dí etí rẹ̀ pa, torí atẹ́gùn tútù lè máa gba àárín wọn kọjá. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́kùnrin yín fi ìlà pupa sàmì sí i lórí àwòrán kí ó tó dá a padà fún káńsù.